Ìkíni Tí A Kò Fún Wọn: Bí A Ṣe Tọ́jú Líńkà ní Mowe

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ máa wo fóònù kó máa wò ó, àmọ́ kó ya etí kan sọ́tọ̀ fún mi. Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ yìí ni Tóbi, ọmọ ọmọ mi, sọ lójú gbogbo yín pé, "Gráńpà, tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan sórí gúrúùpù wa, ẹ kàn fi síbẹ̀. Ẹ má kí wa mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ká tó ka ìkíni yín tán, bátìrì ti lọ." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò ní jáwọ́. Màá kí yín, màá kí ìyá yín, màá bèèrè bí iná ṣe wà lọ́dọ̀ yín kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà kan, wọ́n fẹ́ gba ìkíni yẹn lọ́wọ́ wa, a ò sì fún wọn.

Mowe tí ẹ ń wò yìí kọ́ ni Mowe tí a kó dé. Nígbà tí èmi àti ìyá yín àgbà kó kúrò ní Èkó, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé wa wà láàárín àwọn fáńdéṣọ̀n tí koríko ti bò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù ló ń jí wa láràárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ láti ilé dé ilé, a sì mọ ikọ́ tí kálukú wọn ń wú. Bí ti ilé kan bá dákẹ́, a mọ̀ pé epo ti tán níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni, á sì mú un pamọ́. Síbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ibẹ̀ ló mú wa wá.

Tòkunbọ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà wa. Òyìnbó ti lò wọ́n títí wọ́n fi sú u, ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn dé. Fáànù inú tèmi máa ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Lórí irú ẹ̀rọ yẹn la ti ń ṣe iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀ pé a ṣe é rí ní àdúgbò yìí: iṣẹ́ kọ̀ǹpáílà àti líńkà.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn á kọ ohun tó fẹ́ kó ṣe ní èdè kan tí ojú ènìyàn lè kà. Kọ̀ǹpáílà dà bí ògbufọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù, òun ló ń sọ ọ́ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Ṣùgbọ́n abala abala ló ń túmọ̀ rẹ̀. Líńkà ló wá ń so àwọn abala yẹn pọ̀, tó ń fún kálukú wọn ní àdírẹ́sì, kí abala kan tó bá fẹ́ pe èkejì lè mọ ilé tó ń gbé. Bí àdírẹ́sì kan bá ṣì, gbogbo iṣẹ́ dàrú. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ilé rí ní òpópónà tí nọ́ńbà méje méjì wà nínú rẹ̀ ní Mowe níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Èyí tí a ń lò kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn ènìyàn káàkiri ayé ló jọ kọ ọ́, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ pé kí ẹni tó bá wù kà á, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó fún ẹlòmíràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rántí tábìlì oúnjẹ ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó mú iṣu wá jẹ níbẹ̀, ẹni tí kò mú nǹkan wá náà jẹ níbẹ̀. Mo ní èmi náà á mú tèmi wá.

A jẹ́ mẹ́ta. Èmi wà ní Mowe. Gbádé, ọmọ Ìkìrun, tó mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe, ní sáíbà kafé kan ní Ibafo, nínú ṣọ́ọ̀bù tó gba yàrá kan lẹ́yìn rẹ̀. Sístà Àbẹ̀kẹ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé kan ní Ifo. Láti Ifo, ó ní láti gba Sango dé Berger kó tó wọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, kì í sì í pa Sátidé kan jẹ.

Sátidé ni ọjọ́ wa, nínú yàrá tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A máa ń jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. A ó ti tẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sórí ìwé. Òfin kan ṣoṣo la ní, pé ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló máa kà á. Ẹlòmíràn á kà á sókè, ẹni tó kù á máa fi ìka tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Bíbélì ní ilé ìwé ìjọ nìyẹn, nígbà tí olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tó ti mọ ẹsẹ kan sórí kì í wo ìwé mọ́. Ẹni tó kọ kóòdù náà kì í wo ohun tó kọ, ohun tó ní lọ́kàn ló máa ń rí.

Bó bá kan Gbádé láti kà, á máa kà á bí ẹni ń ki oríkì.

"Gbádé," Sístà Àbẹ̀kẹ́ á wí, "líńkà lò ń kà o, kì í ṣe ọba Ìkìrun lò ń kì."

"Sístà, ẹ jẹ́ n kà á bó ṣe ń bọ̀. Tí mo bá ká a lẹ́sẹ̀, á kọsẹ̀."

Màmá Adéṣínà, tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọlé lọ́jọ́ kan tí Gbádé wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ síbi ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ìgbà tí Gbádé bá ti dé òpin ìlà, tó pe àmì tó wà níbẹ̀, "Sẹmikólọ́ọ̀nù," màmá á ní, "Àmín!" A ò lè dá a dúró. Nígbà tó parí, ó dìde, ó ní, "Àdúrà yín gùn o, ṣùgbọ́n ó ní agbára."

Ní báyìí, ẹ̀yin máa ń fi iṣẹ́ yín sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yẹ̀ ẹ́ wò fún yín, ẹ ò ní mọ ohùn ara yín. N kò bínú sí i. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí fún yín ni.

Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pítà ló ń bójú tó líńkà náà. Iṣẹ́ gbogbo ayé ń kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kì í sì í kí ènìyàn. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín ọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ó kọ̀wé sí gbogbo wa. Ó ní abala tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, irú tiwa gan-an, ní àṣìṣe kan tó ti pẹ́ nínú rẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti tóbi, á máa fún abala kan ní àdírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, òun máa gé gbogbo rẹ̀ dànù, àfi bí ẹnìkan bá tún un ṣe kó tó di ọjọ́ tí òun dá, tó sì gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní òun kò rò pé ẹnikẹ́ni ṣì ń lo irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Sístà Àbẹ̀kẹ́ kà á tán, ó yọ ìgò ojú rẹ̀. Irú ẹ̀rọ yẹn ló kún yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé rẹ̀ ní Ifo. Kò sí òmíràn níbẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni," ó ní. "Ṣé àwọn ọmọ mi kì í wá ṣe ẹnikẹ́ni?"

Ẹ lè ní kí a máa lo ti àtijọ́ lọ. A lè lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tuntun tí ayé bá ń kọ kò ní bá a mu mọ́, àjẹkù ni àwọn ọmọ yẹn á máa jẹ títí. A ò gbà.

A tẹ gbogbo abala náà sórí ìwé, a sì kà á. Sátidé kan lọ, òmíràn lọ. Gbádé ló ń kà lọ́jọ́ tí a rí i, Sístà Àbẹ̀kẹ́ ń fi ìka tẹ̀ lé e. Gbádé kan ibi tí líńkà ti ń wò bóyá ilé abala kan jìnnà jù, ó kà á kọjá. Nígbà tó yá, ó dé ibòmíràn tó fẹ́ jọ ọ́.

"Dúró," ni Sístà wí. "Ní ìṣáájú, o kà á pé bó bá jìnnà ju ààlà lọ tàbí tó bá bá ààlà dọ́gba. Níbí, o fo ìdọ́gba."

"Mi ò fò ó. Kò sí níbẹ̀ ni."

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ìwé náà. Ó rí bí ìgbà tí akọrin kan bá fo ìlà kan nínú orin ìyìn. Ẹni tó ń fi ojú kà á lè má rí i, ṣùgbọ́n etí á gbọ́ ọ. Ilé tó wà lórí ààlà gan-an ni líńkà kò kà mọ́ àwọn tó jìnnà, òun ló fi ń fún un ní àdírẹ́sì tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo yin Ọlọ́run lógo níbẹ̀, lórí àga kékeré yẹn.

Nígbà tí a tún un ṣe tán, èmi ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo kí Pítà ní orúkọ Olúwa wa. Mo ní mo nírètí pé ìwé mi bá a nínú ìlera pípé, òun àti ìdílé rẹ̀. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, pé ìjọ ló tọ́ mi, pé mo ti fẹ̀yìn tì, pé mo ní ohun iyebíye kan tí mo fẹ́ fi lé e lọ́wọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fọkàn tán mi. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo wá so iṣẹ́ wa mọ́.

Kò dáhùn. Mo rò pé ìkíni mi ni kò tó, mo bá kọ òmíràn, mo kí ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ mọ́ ọn.

Èsì tó dé lẹ́yìn ìyẹn kúrú. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà lẹ́tà wọn ní kí a lọ wá ẹlòmíràn lù ní jìbìtì. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo lẹ́tà tó bá ti kafé Gbádé wá.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní Ibafo, mò ń ka lẹ́tà ara mi lákàtúnkà, mò ń wá ibi tí mo ti ṣẹ̀ wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi na ọrùn.

"Bàbá, ẹ forí jì mí o. Mo ti ń wo ohun tí ẹ kọ. Ibi tí ẹ ti ní kí ìwé yín bá a nínú ìlera pípé yẹn, ó mà dùn o. Ẹ jẹ́ n mú un."

"Ta lo fẹ́ kọ ọ́ sí?"

"Mágà mi kan ni, ní Amẹ́ríkà."

Mágà ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní gbájúẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo lẹ́tà mi, ó wá yé mi. Ọ̀rọ̀ tiwa àti ọ̀rọ̀ tiwọn, ó ti di ọ̀kan náà lójú òyìnbó.

"Ọmọ mi, mi ò fún ẹ. Ọwọ́ àwọn tó mọ Ọlọ́run ni mo ti gba ìkíni yẹn."

"Ẹ má bínú, bàbá," ó ní. "Mo ti kọ ọ́ tán."

Nígbà tí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, Gbádé ti ní ọgbọ́n kan lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí i, kó fi orúkọ òyìnbó kan bá wa gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ parí."

"Orúkọ òyìnbó wo?"

"Èyí tó bá wù yín. Ẹ máa jẹ́ Smíìsì."

"Gbádé, wo ojú mi dáadáa. Ṣé mo jọ Smíìsì?"

"Ẹ̀gbọ́n, inú ń bí yín ni."

"Inú ń bí mi! Olè ni wọ́n pè mí. Tí mo bá lọ sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tèmi, kí ló yà mí kúrò lára ọmọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn? Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni màá fi sí i. Mowe tí Ọlọ́run fi mí sí ni màá kọ sí i. Bí wọn ò bá gbà á, kí wọ́n mọ ẹni tí wọn ò gbà."

Sístà Àbẹ̀kẹ́ ló wá ọ̀nà. Ó ní ọ̀nà lẹ́tà ni wọ́n tì, wọn ò ti ojú ìwé tí gbogbo ayé ti ń fẹjọ́ àṣìṣe sùn. Ó kọ ohun tí a máa fi síbẹ̀ pẹ̀lú bírò, ó sì kà á fún wa: "Ẹ má gbà wá gbọ́. Ẹ fi iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe." Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kíkún, ó kọ Mowe, ó kọ Ibafo, ó kọ Ifo.

"Ìkíni ńkọ́?" mo bi í.

Gbádé ká ọwọ́ lé orí. "Ẹ̀gbọ́n! Ìkíni tó kó wa sí wàhálà yìí náà?"

"Òun náà ni."

Sístà rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká fi sísàlẹ̀, Gbádé. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a máa kí wọn."

Ọjọ́ tí Pítà dá bọ́ sí Fráìdè ìsìn ńlá ní Kámpù, ibùdó àdúrà tó wà níwájú Mowe. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Láti òwúrọ̀ ni ọkọ̀ ti dúró gbọnrangandan láti Ibafo dé Mowe, ọ̀kadà pàápàá kò rọ́nà gbà. Sídì tí iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ojú ìwé tí a máa fi sí wà ní kafé Gbádé, Sístà Àbẹ̀kẹ́ sì ń kó èsì ìdánwò tó ṣe lórí ẹ̀rọ Ifo bọ̀. Mo wé sídì náà sínú aṣọ ìnujú, mo ki í bọ àpò àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Gbogbo ayé ń lọ sí Kámpù, èmi nìkan ni mò ń padà. Àwọn ènìyàn ru ẹní, wọ́n gbé kúlà omi, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ń pè mí: "Bàbá, ọ̀nà Kámpù kọ́ nìyẹn o! Ẹ yíjú padà!"

"Mo mọ̀ ọ́n! Iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán mi ni mò ń jẹ́. Ẹ bá mi gba àyè sílẹ̀!"

Nígbà tí mo dé Ibafo, eruku ti kùn mí lójú. Sístà Àbẹ̀kẹ́ ti débẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́nà jíjìn, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín bí èmi. Èsì rẹ̀ dára. Ojú ìwé náà kò yára ṣí, ni Gbádé bá lé gbogbo àwọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà yòókù kúrò, kí láìnì lè jẹ́ tiwa nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n Gbádé, mágà mi wà lórí láìnì o!" ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí ń pariwo.

"Sọ fún un pé wọ́n ti mú iná lọ!"

Iṣẹ́ náà wọlé. Orúkọ wa wọlé, ìlú wa wọlé, ìkíni wa náà tẹ̀ lé e. A di ọwọ́ ara wa mú níbẹ̀, a gbàdúrà, jẹnẹrétọ̀ sì ń bá wa wú ikọ́ lẹ́yìn ilé.

Mọ́ńdè ni Pítà dáhùn. Kò ju ìlà kan lọ: "Ó ṣiṣẹ́. Ta ló máa tọ́jú rẹ̀?"

"Kò tilẹ̀ tọrọ àforíjì!" ni Gbádé wí.

Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo kí Pítà dáadáa, òun àti ilé rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé, "Àwa ni."

Ní ìkórè ọdún yẹn, a fi ẹ̀dà líńkà tuntun sórí sídì, a gbé e lọ síwájú pẹpẹ láàárín iṣu àti ìbẹ́pẹ. Nígbà tí wọ́n ń ta ọrẹ ní gbàǹjo, Díákónì gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Fíìmù ni àbí kí ni? Ta ló ṣeré nínú rẹ̀?" Màmá Adéṣínà ló dìde, ó ní òun mọ àdúrà tó wà nínú rẹ̀, ó sì rà á. Oko àgbàdo rẹ̀ ló so ó mọ́. Ó ń tàn yanran nínú oòrùn níbẹ̀ títí dìgbà tó ká àgbàdo náà, màmá sì búra pé ẹyẹ kankan kò sún mọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀dà kankan kò jáde tí a kò kà sókè lórí àga kéékèèké yẹn. Àwọn ọmọ Ifo kọ́ iṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọn, wọ́n ṣetán, wọ́n lọ, òmíràn wọlé. Nígbà tó yá, ilé ìwé náà rí ẹ̀rọ tuntun gbà, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ti Gbádé jóná. Tèmi hó lọ́jọ́ kan, ó dákẹ́, kò hó mọ́. A bi gbogbo ẹni tí a mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń lo irú rẹ̀, wọ́n ní rárá. Nígbà náà la jókòó, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kọ̀wé sí Pítà pé ó lè gé abala náà wàyí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò gbà á lọ́wọ́ wa. Àwa la gbé e kalẹ̀, nígbà tó tó àkókò lójú wa.

Pítà dáhùn. Lẹ́tà rẹ̀ gùn. Ó ní òun kí wa. Ó ní òun nírètí pé ìwé òun bá wa nínú ìlera pípé, àwa àti ìdílé wa. Ó bèèrè Sístà Àbẹ̀kẹ́. Ó bèèrè Gbádé. Ó bèèrè bóyá iná wà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló tó sọ pé òun ti gé abala náà bí a ṣe wí, ṣùgbọ́n òun fi orúkọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìlú wa sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Ó yá, Tóbi, gbé ojú sókè. Ara rẹ ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín? Ó dáa. Mo lè wá sọ ohun tí mo fẹ́ fi sórí gúrúùpù láàárọ̀ fún yín báyìí.